Eruku Ilé Olúwa àti Fákúùmù Tòkunbọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé)

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ eruku ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń fa eruku ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fákúùmù, tí mo rà ní tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tí ì sùn. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọnìkejì wa sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 2022, ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí gbogbo ilé ìsìn. A dúpẹ́, a jó, a yọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ni ó ń gbálẹ̀ fún wa ní ọjọọjọ́ Sátidé, ìgbálẹ̀ ọwọ́ ni ó sì ń lò. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, eruku bo orúnkún ṣòkòtò mi. Nígbà tí ìsìn parí, mo pe ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Mà, kápẹ́ẹ̀tì yìí kò mọ́ o." Ìyá kò jiyàn. Ó kàn ní, "Pásítọ̀, ẹ wá bá mi gbá a wò ní Sátidé."

Mo lọ. Ẹ̀yin ará, n kò tí ì gbá a dé ìdajì tí ikọ́ fi gbé mi. Ìgbálẹ̀ kì í kó eruku kápẹ́ẹ̀tì tán. Ńṣe ni ó ń tú u sókè. Díẹ̀ á wọ imú ẹni tí ń gbálẹ̀, ìyókù á tún balẹ̀ síbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Mo wúkọ́ mọ́jú ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ìyá yìí ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí a ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, àwa a sì máa sọ fún un pé kí ó lọ ra oògùn. A rówó ra kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè pé ta ni yóò máa fi ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbá a.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Murray Spangler, ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ni ó ń ṣe ní ilé ìtajà ńlá kan, ó sì ní ásímà. Eruku ibi iṣẹ́ ń mú ikọ́ rẹ̀ le sí i. Ó mú mọ́tò fáànù, ó so ó mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó sì fi àpò ìrọ̀rí ṣe ibi tí eruku ń wọ̀ sí. Ní ọdún 1908, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ náà. William Hoover ra ẹ̀tọ́ yẹn, orúkọ Hoover sì kárí ayé. Lóòótọ́, Hubert Cecil Booth ti ṣe ẹ̀rọ tí ń fa eruku ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tirẹ̀ tóbi débi pé ẹṣin ni ó ń fà á kiri ìgboro. Èyí tí ó ṣeé gbé wọ yàrá, inú ikọ́ agbálẹ̀ kan ni ó ti jáde wá. Nígbà tí mo kà á, ojú tì mí.

ÒTÍTỌ́ TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ TÁBÌLÌ

Fákúùmù tuntun ju agbára wa lọ. Mo gba ọjà tòkunbọ̀ lọ. Ẹni tí ń tà á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà dún dáadáa, mo san ₦28,000. Ẹ rántí pé ₦30,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà nígbà náà. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo kì í bọ iná ara ògiri. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ, èéfín yọ, ó kú.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan ní àdúgbò wa. Ó dojú rẹ̀ dé, ó nu ìdí rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìwé kékeré kan níbẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, 120 fóòtì ni wọ́n kọ síbí. Ti Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa 230 ni." Mo ní, "Ó ṣiṣẹ́ níṣojú mi ní ìsọ̀ ẹni tí ó tà á!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ wo abẹ́ tábìlì?" Mo wá rántí pé wáyà náà gba abẹ́ tábìlì kọjá. Tiransifọ́mà tí ń dín iná kù ni ó wà níbẹ̀.

Mo padà lọ sọ́jà. Ẹni tí ó tà á fún mi ní, "Alàgbà, a kì í dá tòkunbọ̀ padà." Ẹ wò ó o, ọkùnrin yìí kò fi ẹnu purọ́ kankan. Òtítọ́ ni ó gbé pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ìwé Òwe orí 11 ẹsẹ 1 sọ ojú tí Ọlọ́run fi ń wo òṣùwọ̀n èké. Tiransifọ́mà abẹ́ tábìlì, òṣùwọ̀n èké ni.

Ṣùgbọ́n kí n tó dá a lẹ́jọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, arábìnrin kan nínú ìjọ rí ẹ̀rọ náà ní ọ́fíìsì mi. Ó ní òun fẹ́ rà á fún ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ òun, òun á san ₦15,000. Ọkàn mi ní, "Gbà á. Ìwọ kò kúkú sọ pé ó ń ṣiṣẹ́." Ní alẹ́, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ máa sọ fún un pé ó ti jóná?" N kò rí èsì fọ̀. Mo wá rí i pé tábìlì tèmi náà ní abẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe arábìnrin náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rà á mọ́. ₦15,000 lọ, ṣùgbọ́n mo lè wo ojú rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi.

OHUN TÍ Ẹ MÁA WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Nígbà tí mo fẹ́ ra èkejì, mo bẹ rewáyà náà pé kí ó bá mi lọ. Ohun tí ó kọ́ mi nìyí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀:

1. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, kí ẹ ka ìwé ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 220 sí 240 fóòtì, ó bá iná wa mu. Bí ó bá jẹ́ 120, ti Amẹ́ríkà ni. Bí ó bá jẹ́ 100, ti Japan ni. Láìsí tiransifọ́mà tí ó tóbi tó, méjèèjì á jóná. Bí wọ́n bá ti ha ìwé náà kúrò, ẹ máa lọ ilé yín.

2. Ẹ wo iye wáàtì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò jẹ́ kí fákúùmù ilé tuntun lé ní 900 wáàtì. Èyí tí ó ṣáájú ìgbà náà lè jẹ 1,400 tàbí 2,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e.

3. Ẹ tẹ̀lé wáyà láti ìdí ẹ̀rọ dé ibi tí wọ́n kì í bọ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ tẹ ọrùn wáyà náà wò, níbi tí ó ti wọnú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ já.

4. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí ó bá ń han bí irin tí ń họ irin, bẹ́ríìnì rẹ̀ ti lọ. Bí òórùn jíjó bá ń jáde, ẹ pa á.

5. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ọ̀pá rẹ̀. Ó yẹ kí ó fa ọwọ́ yín mọ́ra, kí ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Bí kò bá fà, bóyá ohun kan dí ọ̀nà, tàbí rọ́bà rẹ̀ ti là.

6. Ẹ ṣí ibi tí eruku ń wọ̀ sí. Bí àpò tàbí fílítà bá ti ya, eruku ti wọnú mọ́tò nìyẹn.

BÍ A ṢE TÚN UN ṢE

Èkejì tí a rà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ₦35,000. Ó ń dún, ṣùgbọ́n kò fa nǹkan gidi, ó sì ń han. A yọ ọ́ kúrò nínú iná, a gbé e jáde síta, a fi aṣọ bo imú, a sì da eruku àtijọ́ nù. A ti igi gígùn gba inú rọ́bà rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan ni ó jáde. A fi ọṣẹ fọ fílítà rẹ̀ tí ó jẹ́ fóòmù, a sì sá a sínú afẹ́fẹ́ títí ó fi gbẹ kanlẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe dá fílítà tútù padà sínú ẹ̀rọ láé. Èyí tí ó jẹ́ bébà, ẹ má fọ̀ ọ́ àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣeé fọ̀.

Lẹ́yìn náà ni rewáyà ṣí mọ́tò. Káábọ̀nù méjì ni ó ń gbé iná wọnú apá tí ń yí. Wọ́n máa ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀ bí ṣọ́ọ̀kì tí tíṣà ń lò. Ti tiwa ti kúrú, iná sì ń ṣẹ́ yí gbogbo ibẹ̀ ká. Ó fi káábọ̀nù tuntun sí i, ₦2,500. Ó pààrọ̀ bẹ́ríìnì méjì, ₦4,000. Nọ́ḿbà máa ń wà lára bẹ́ríìnì. Bí ó bá jẹ́ 608, 608 náà ni ẹ ó rà. Àpò rẹ̀ kò sí, nítorí náà a fún arábìnrin aránṣọ yẹn kan náà ní ₦1,500, ó sì fi kọ́tìnnì nípọn rán an. Mo rántí àpò ìrọ̀rí Spangler. Ẹnu tí à ń fi gbá kápẹ́ẹ̀tì, ara èyí tí ó jóná ni a ti yọ ọ́.

Rewáyà ní ₦6,000 ni owó iṣẹ́ òun. Mo ní kí ó gba ₦3,000, pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ó wò mí, ó ní, "Pásítọ̀, ọmọ tèmi náà ń lọ síléèwé, sà." Mo san ₦6,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦49,000. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a yéé fi orúkọ Ọlọ́run gé owó oníṣẹ́ ọwọ́.

ÈYÍ TÍ Ó KÚ ŃKỌ́?

Nígbà tí a fẹ́ lọ, mo rí ọmọ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ó ń to wáyà jọ láti dáná sun, kí ó lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Wáyà ẹ̀rọ tèmi wà níbẹ̀. Èéfín rọ́bà wáyà, májèlé ni. Mo sá fún eruku kí ìyá kan má baà wúkọ́, mo sì fẹ́ fi èéfín pa ọmọ ẹlòmíràn. Mo bẹ rewáyà, ó sì gbà pé ọ̀bẹ ni àwọn á máa fi bó wáyà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ṣọ́ọ̀bù kan lọ. Ní ọdún 1988, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, ní apá ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Delta. Ní ọdún 1989, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní ìlú Basel, ní Switzerland, lórí àdéhùn nípa kíkó ìdọ̀tí olóró kọjá ẹnubodè. Síbẹ̀, ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá àwọn mìíràn ṣe fi hàn pé ní ọdún 2015 àti 2016, nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ni ó ń wọ Nàìjíríà lọ́dọọdún. Èyí tí ó lé ní 15,000 nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ kí ó tó gúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé, ẹ gbọ́ o: ohun tí kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ má pè é ní ẹ̀bùn.

OWÓ ÌYÁ

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta di wákàtí kan. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ dìde, ó ní níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ti fúyẹ́, kí a dín owó ìyá kù, kí a lè rí owó tí a ná padà. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará, ìyá ti fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ san owó ẹ̀rọ yẹn kí a tó rà á. Mo ní kí wọ́n ka Jákọ́bù orí 5 ẹsẹ 4, kí wọ́n tó dìbò. Wọ́n kà á. A kò dín kọ́bọ̀ kù.

Ìyá ṣì ń bá wa ṣiṣẹ́. Ikọ́ náà ti rọlẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń da àpò eruku nù lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fa omi, eérú gbígbóná tàbí sìmẹ́ńtì.

Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo ẹni tí ń gbálẹ̀ fún yín, ìbáà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ìbáà jẹ́ ìyá ọ́fíìsì. Ẹ bi í pé, "Ṣé o ń wúkọ́?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.