Àpéjọ Òṣèlú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ní 1908, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Washington and Lee, ní Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àpéjọ bí ti ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n sì yan William Jennings Bryan. Òun náà ni ẹgbẹ́ Democrat fà kalẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó di àṣà: ẹgbẹ́ tí kò sí ní ipò ààrẹ ni wọ́n ń ṣe àfarawé rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó wù wọ́n ni wọ́n ń yàn. Èrò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wádìí. Ní 1972, wọ́n yan Edward Kennedy. McGovern ni ẹgbẹ́ mú. Ẹ̀yin olùkọ́, àṣìṣe náà kò sọ iṣẹ́ wọn dòfo. Ẹni tí kò bá lè ya ìfẹ́ inú rẹ̀ sọ́tọ̀, kò lè gbọ́ ohun tí ará ìlú ń wí.