Iṣẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ń Ṣe Nígbà Tí A Kò Sí Nídìí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé ni mo bá wá, èyí tó wà lórí tábìlì yín, tí ẹ̀ ń fi kọ lẹ́tà, tí àwọn ọmọ fi ń wo fíìmù.

Kì í rẹ ẹ̀rọ yẹn, ó sì máa ń ráyè gan-an. Kí ìka yín tó kúrò lórí lẹ́tà kan bọ́ sórí èkejì, ó ti parí ìṣirò tó lé ní mílíọ̀nù, ó sì ti padà jókòó tó ń retí yín. Tí ẹ bá dìde lọ jẹun, tí ẹ kò pa á, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jókòó, tí yóò sì máa jẹ iná. Ìbéèrè tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé: àyè yẹn, kí la lè fi ṣe?

Ní 1979, nígbà tí ẹ̀yà keje Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, jáde láti Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ètò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cron. Aago ni cron ń wò. Tí wákàtí tí ẹ dá fún un bá pé, á gbé iṣẹ́ yín dìde, bóyá kó da fáìlì kọ sí ibòmíràn, bóyá kó gbá ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ dànù. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa nígbà tí wákàtí náà pé, ó parí nìyẹn. Cron kì í padà sẹ́yìn lọ wo ohun tó fò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn ṣe anacron fún ẹ̀rọ tí kì í wà ní títàn tọ̀sán tòru. Anacron kì í bèèrè pé aago mélòó ló lù. Ohun tó ń bèèrè ni pé: ọjọ́ mélòó rèé tí a ti ṣe iṣẹ́ yìí gbẹ̀yìn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìbéèrè yẹn, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Iṣẹ́ tara ẹni nìkan kọ́ la lè fi àyè yẹn ṣe. Àwọn baba wa mọ ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ oko bá wọ̀ lọ́rùn á pe ẹbí àti ọ̀rẹ́, oníkálukú á mú ọkọ́ tirẹ̀ wá, ilẹ̀ tí ẹnì kan ì bá fi oṣù kan ro, wọ́n á ro ó tán lọ́jọ́ kan. Ọ̀wẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley pè ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, 1999. Wọ́n ní ariwo rédíò tí wọ́n gbà láti ojú ọ̀run, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀dá kan wà níbòmíràn tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ wọn kò sì tó iṣẹ́ náà. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n pín in fún kọ̀ǹpútà inú ilé àwọn èèyàn. Nígbà tí onílé bá kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti fọwọ́ kan máòsì, iṣẹ́ á yẹ̀ fún un. SETI@home lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó dá sí i lé ní mílíọ̀nù márùn-ún kí wọ́n tó ṣíwọ́ pípín iṣẹ́ ní oṣù Kẹta, 2020.

Èyí tó kàn wá jù dé ní 2006. Ilé ìwádìí CERN ní Swítsáláńdì àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dá Africa@home sílẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn sì ni MalariaControl.net, tí àwọn onímọ̀ ìlera ní Basel fi ń ṣírò bí ibà ṣe ń tàn ká nílẹ̀ Áfíríkà àti irú ìdènà tó lè dín in kù. Ní àkókò ìdánwò, kọ̀ǹpútà 500 péré ló dá sí i, síbẹ̀ ìṣirò tí wọ́n ṣe láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ì bá fi ohun tó lé ní 150 ọdún ṣe é. Ibà tó ń ṣe ọmọ wa ni wọ́n ń ṣírò. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí, torí irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ilé tí iná rẹ̀ kì í lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyẹn. Windows 10 tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa ní wákàtí kan tó yàn fún iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀: aago méjì òru. Ẹni tó yàn án rò ó dáadáa fún ìlú tirẹ̀: onílé ti sùn, iná sì wà. Ní Ikate, àdúgbò wa níbí, ní ọ̀pọ̀ ilé, aago méjì òru ni jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́. Ẹ̀rọ á wá so iṣẹ́ náà rọ̀ di ìgbà mìíràn tó bá rí àyè. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi máa ń tan kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án, tí ẹ á lọ bu omi mu, tí ẹ á padà bá fáànù rẹ̀ tó ń pariwo bí ẹni ń lọ ata. Àwọn kan rò pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ òru àná ló ń san.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa máa ń ya fídíò ìgbéyàwó. Ó ṣètò kí laptop rẹ̀ máa sọ fídíò ńláńlá di kékeré lóru, kó sì máa dà wọ́n kọ sí dísìkì mìíràn. Ó fi àmì sí i pé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ṣe àfi tí ṣájà bá wà lára iná. Ó rò pé ó ti parí. Lóru ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ, ínfátà gba ilé rù. Laptop kò mọ ìyàtọ̀, nítorí iná tó ti ògiri wá ni gbogbo rẹ̀ lójú tirẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, títí bátìrì ínfátà fi gbẹ. Fáànù kú, àwọn ọmọ jí nínú ooru, fídíò sì dá sí ìdajì.

Nígbà tó pè mí, mo bi í pé sọ́kẹ́ẹ̀tì wo nínú ilé ni kò sí lórí ínfátà. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Oníná tó ṣe ínfátà fún wọn ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, torí iná tó ń jẹ. Ibẹ̀ la gbé ṣájà lọ. Láti ìgbà náà, tí NEPA bá mú iná, laptop á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ á dúró. A ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí bóyá iná ti dé, kó sì fo èyí tó ti ṣe tán. A gé fídíò sí ègé kéékèèké, kó má baà jẹ́ pé iná tó lọ lẹ́ẹ̀kan á ba iṣẹ́ gbogbo òru jẹ́. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń gbé gbogbo ilé, sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn náà á tan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ṣájà nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó tí ọ̀wẹ̀ kọ̀ǹpútà yóò ná wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, 2024, wọ́n kéde ₦225 fún yúnìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù. Ká ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń jẹ wáàtì 150 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Wákàtí mẹ́jọ lóru jẹ́ yúnìtì kan àti díẹ̀, ₦270 ní iye tí wọ́n kéde nígbà náà. Lóṣù, ó di ₦8,100. Ọ̀wẹ̀ dára, ṣùgbọ́n mi ò ní rọ ẹnikẹ́ni kó fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣe é. Ẹni tí oòrùn ń fún níná lọ́sàn-án, tí bátìrì rẹ̀ ti kún, tí kò sì sí nílé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó dá sí i.

Tiwa ni ká kọ́kọ́ mójú tó: àwòrán ọmọ, ìwé ilẹ̀, àkọsílẹ̀ ọjà. Nínú Task Scheduler ti Windows, àpótí kan wà lábẹ́ Settings tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé tí àkókò bá ti kọjá, kó ṣe iṣẹ́ náà ní kété tó bá ti lè ṣe é. Òfìfo ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ fi àmì sí i. Ìbéèrè anacron ni yẹn fún àwa tí iná wa ń lọ tó ń bọ̀. Tí ẹ bá sì délé lálẹ́ òní, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ ṣí dísìkì tí ẹ rò pé ẹ̀dà fáìlì yín wà, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lára èyí tó wọlé gbẹ̀yìn.