Kí Ìrora Tó Dé: Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Àpòlúkù ní Ilẹ̀ Jàpáànù àti Kòríà

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ mu rẹ́gí, pàápàá èyí tí í máa mú ènìyàn ní àpòlúkù, àpò tí oúnjẹ ń dé sí nínú ikùn. Nígbà tí àrùn náà bá ṣì kéré, ẹni tí ó ní i ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí inú bá tilẹ̀ ń run ún díẹ̀, yóò ní ata ni, tàbí ebi. Nígbà tí yóò bá fi máa rù, tí oúnjẹ kò wọlé mọ́, tí ó sì ń pọ ẹ̀jẹ̀, ìrókò ti dàgbà. Ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bí 660,000 ènìyàn ni àrùn yìí pa káàkiri ayé.

Ní ilẹ̀ Jàpáànù, ọ̀pọ̀ ọdún ni jẹjẹrẹ àpòlúkù fi ṣe olórí nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń pa ènìyàn. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ kò jókòó sí ilé ìwòsàn kí aláìsàn máa wá bá wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ní agbègbè Miyagi, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara sínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń gbé e tọ àwọn ènìyàn lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko yóò mu omi funfun kan tí wọ́n ń pè ní báríọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ yóò sì ya àwòrán ibi tí omi náà gbà kọjá. Bí egbò tàbí ìwúlé bá wà lára ògiri àpòlúkù, àwòrán lè fi í hàn. Láti ọdún 1983 ni iṣẹ́ yìí ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè lábẹ́ òfin ìlera àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí ó di ọdún 2016, ìjọba tún fi ọwọ́ sí okùn tí ó ní iná àti ojú lẹ́nu, èyí tí a ń tì gba ọ̀fun wọ inú, wọ́n sì dá a lábàá pé kí ẹni tí ó bá ti pé 50 ọdún máa ṣe àyẹ̀wò ní ọdún méjì-méjì.

Ilẹ̀ Kòríà ti Gúúsù bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1999. Ohun tí ó yẹ ní kíkíyèsí ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀dọ̀ àwọn tálákà tí ìjọba ń gbọ́ bùkátà ìlera wọn ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń nà án díẹ̀díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó rí jájẹ jù wọ́n lọ. Ẹni tí ó bá ti pé 40 ọdún ni ó ní ẹ̀tọ́ sí i ní ọdún méjì-méjì. Ẹni tí a bá tètè rí tirẹ̀ lè má nílò iṣẹ́ abẹ ńlá rárá: okùn kan náà ni a ó fi gé e kúrò. Nínú 100 irú wọn, ó lé ní 90 tí ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò yìí ní ìnáwó àti ìnira tirẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹ̀rọ, iná mànàmáná, àti oníṣègùn tí ó mọ̀ ọ́n lò. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bá yẹ̀ wò, díẹ̀ ni yóò ní àrùn náà. Àwọn mìíràn yóò sì bẹ̀rù lásán kí àyẹ̀wò kejì tó fi ọkàn wọn balẹ̀. Nítorí náà, ibi tí àrùn náà bá pọ̀ sí ni èrè rẹ̀ ti ń ju ìnáwó lọ. Àyẹ̀wò láìsí ìtọ́jú sì dà bí ìgbà tí a ń sọ fún ẹni tí ń rì pé odò náà jìn.

Ọ̀nà mìíràn tún là. Ní ọdún 1982, ní ìlú Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú àpòlúkù, èyí tí a ń pè ní Helicobacter pylori. Ní ọdún 1994, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn náà. Ní ọdún 2005, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Oògùn lè pa kòkòrò yìí. Ní erékùṣù Matsu ti Taiwan, láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń yẹ ará ìlú wò, tí wọ́n sì ń fún ẹni tí ó bá ní i ní oògùn. Jẹjẹrẹ àpòlúkù sì ti dín ní nǹkan bí ìdajì níbẹ̀.

Kí ni èyí kan ilẹ̀ Nàìjíríà? Kòkòrò náà wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àpòlúkù kò pọ̀ tó ti Jàpáànù. Ti ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ ni ó ń da àwọn obìnrin láàmú jù. Kò ní jẹ́ ọgbọ́n, nígbà náà, kí ìjọba kàn sáré ra ọkọ̀ irú ti Miyagi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 9 sí 14. Ìgbésẹ̀ tí ó bá ìṣòro ilé mu nìyẹn. Ohun tí ó tọ́ láti kọ́ lọ́dọ̀ Jàpáànù àti Kòríà ni ìlànà wọn: kí ètò ìlera tọ ènìyàn lọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní, kí ìtọ́jú sì wà nílẹ̀ kí a tó pe ènìyàn wá fún àyẹ̀wò. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan, síbẹ̀ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń tọ́jú ara wọn. Bí àpò náà bá gbẹ, wọ́n á dúró sílé títí ìrora yóò fi di èyí tí kò ṣeé mú mọ́ra.

Títí ìjọba yóò fi ṣe ojúṣe rẹ̀, kí ẹni tí ó ti dàgbà tí inú ń dà láàmú lemọ́lemọ́, tí ó ń rù láìnídìí, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, má ṣe fi àgbo bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó lọ rí dókítà nígbà tí ẹ̀ka ṣì rọ̀.