Ẹjọ́ Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Lẹ́nu Iṣẹ́: Ọjọ́ Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni
(Ọ̀rọ̀ tí Olùbẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ)



Ọ̀rọ̀ ìwé owó ni ẹ mọ̀ mọ́ mi, ṣùgbọ́n ti òní yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí ọ̀gá bá rẹ́ ọmọ yín jẹ nítorí àwọ̀ rẹ̀ tàbí ilẹ̀ tí ó ti wá, òfin tí wọ́n ṣe ní 1964 fún un láyè láti fẹjọ́ sùn. Àyè náà kò sì pẹ́ kí ó tó tì.

Ẹ gbọ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Columbus Ricks, ọmọ Làìbéríà, olùkọ́ ní Delaware State College. Ní 1974, ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ̀ láti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ti títí lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, wọ́n kọ̀wé sí i pé ọdún kan péré ló kù fún un. Ó ti gbé ẹ̀hónú rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ó ń retí èsì. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kò gbà. Oṣù kẹrin 1975 ni ó tó dé ọ̀dọ̀ EEOC, àjọ ìjọba tí ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Lójú tirẹ̀, kò tíì pẹ́.

Ní 1980, adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ìpinnu fún un ni ọjọ́ 180 ti òfin ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, àti pé ẹ̀hónú inú ilé kò dá òǹkà dúró. Wọn kò tilẹ̀ dé orí bóyá wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Kí ló dé tí òfin fi le báyìí? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀gá pàápàá gbọ́dọ̀ rojọ́ tirẹ̀ nígbà tí ìwé ṣì wà, tí ẹlẹ́rìí kò tíì gbàgbé. Nítorí náà ni EEOC fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn tó o létí láàárín ọjọ́ 10. Síbẹ̀, ó dùn mí fún ẹni tó fi sùúrù bẹ ọ̀gá rẹ̀, tí sùúrù náà sì wá pa á lára.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ báyìí:

1. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ìpinnu sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé rẹ̀.

2. Ọjọ́ 180 ni òfin fún òṣìṣẹ́ aládàáni; ó di 300 níbi tí ìpínlẹ̀ bá ní òfin àti àjọ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 45 péré láti lọ rí olùdámọ̀ràn.

3. Kí wọ́n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tìtorí rẹ̀ dá ẹ̀sùn dúró.

4. Bí EEOC bá fún wọn ní ìwé àṣẹ láti lọ sí kóòtù, ọjọ́ 90 ni wọ́n ní.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.