Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka wa sọ lórí ẹ̀rọ tí ń wá irin nínú ilẹ̀



Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa gbé ẹ̀rọ náà lọ sí oko kan lẹ́yìn ìlú. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ bá ti ké, wọn a gbẹ́ ilẹ̀. Ìdérí ìgò àti ìṣó ni wọ́n rí, wọ́n sì fi ihò mọ́kànlá sílẹ̀ láìdí. Ewúrẹ́ onílẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan, ẹsẹ̀ náà sì kán. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwa àgbà fi ń lọ bẹ̀bẹ̀ níwájú Mai Unguwa. A san owó ewúrẹ́, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó dùn wá. Onílẹ̀ sọ fún wa pé láti ìgbà tí òun ti ń bá Yorùbá gbé, kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó wọ ilẹ̀ òun rí láìkọ́kọ́ kí òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí a sùn.

A kò sọ pé kí ẹ sọ ẹ̀rọ náà nù. Eré ọmọlúwàbí ni, bí a bá ṣe é bí ọmọlúwàbí. Òrùka ìyàwó kan tí ó bọ́ sínú iyanrìn níbi ìkómọ, ẹ̀rọ yìí ni ó bá wa rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọ́n. Yóò ké fún ìṣó gẹ́gẹ́ bí yóò ti ké fún idẹ, kò sì mọ oko yàtọ̀ sí itẹ́ òkú. Ẹ̀yin ni ẹ ní láti mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí onílẹ̀ àti Mai Unguwa, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ náà hàn wọ́n. Ní àkókò tí ọkàn kò balẹ̀ ní ìgbèríko yìí, àjèjì tí ó gbé irin gígùn àti ṣọ́bìrì kiri inú igbó lè rí ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe dé itẹ́ òkú rárá. Ẹ má ṣe wọ oko tí ọkà ṣì wà nínú rẹ̀. Ihò tí ẹ bá gbẹ́, ẹ dí i, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Pàǹtí tí ẹ bá hú, ẹ kó o lọ. Ohun tí ó bá jọ ọta ìbọn ńlá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lọ pe ọlọ́pàá. Bí ó bá sì jẹ́ ohun ìní ẹnìkan, ẹ kéde rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí inú wa mọ̀ pé ọdún kan ni a fi ń kéde ohun tí a rí he. Ẹni tí ó rí nǹkan he tí ó fẹ́ kú nítorí rẹ̀, kí ni kí ẹni tí ó sọ ọ́ nù ṣe?

Ọ̀rọ̀ nípa ohun àtijọ́ ni ó gba ẹnu wa jù. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn lónìí. Wọn kò wá nǹkan kan; ilé ni wọ́n ń kọ́. Kí a tó mọ̀, díẹ̀ ti jáde kúrò nílùú. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́nù títí di òní. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ṣùgbọ́n ó dá wọn padà ní 1950. Ní ọdún 1938 yẹn kan náà, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kànga omi òjò ní Igbo-Ukwu, ó sì kan idẹ. Àwọn aládùúgbò kó lára rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí Thurstan Shaw wá gbẹ́ ibẹ̀ ní 1959, ibi tí a kò tíì fọwọ́ kàn ni ó jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun. Ohun tí a bá ti hú kúrò ní àyè rẹ̀ ti pàdánù ìdajì ìtàn rẹ̀.

Ẹ má rò pé Ifẹ̀ nìkan ni ó ní irú rẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Sokoto yìí ni Surame wà, ìlú olódi òkúta tí Muhammadu Kanta ti Kebbi tẹ̀ dó ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1964. A gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń pète àtilọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ẹ lọ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀rọ sílé. Òfin ọdún 1979 tí ó dá Àjọ Ilé Ohun Àtijọ́ àti Ohun Ìrántí sílẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wú ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì rí i ní láti sọ fún Akọ̀wé Ìjọba Ìbílẹ̀ láàrin ọjọ́ 7.

Ní ti wúrà, òfin ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Àwọn tí ó sì gbàgbé 2010, ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí. Ní Zamfara, tí ó wà lára Sokoto títí di 1996, àwọn ènìyàn gbé òkúta wúrà wálé láti lọ̀ ọ́. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sórí ẹní, sínú oúnjẹ, sí ọwọ́ ọmọdé. Ọmọ tí ó lé ní 400 ni ó kú. Ẹ má ṣe gbé òkúta kankan wá sí àgbàlá wa.

Ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ń lọ, àti orúkọ onílẹ̀ tí ó fún un láàyè. Àwọn ọmọ mẹ́ta náà yóò bá wa lọ kí onílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n sì gbé ṣọ́bìrì dání, nítorí a gbọ́ pé ihò méjì ṣì kù.