Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Tí A Gbé Bóòtì Wa Padà Sómi

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé wa ní Seat Pleasant

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ibi iṣẹ́ òru dé tààrà, torí náà a ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ní ká wá sọ ohun tí ojú wa rí lórí bóòtì tí a tún ṣe. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ bóòtì ò kan òun, kó fara balẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n máa pè sínú ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Seat Pleasant yìí ò sí létí òkun, gbogbo wa la mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà omi ò ṣàjèjì síbí. Láti ọdún 1900 títí di 1935, ọkọ̀ ojú irin kan máa ń gbéra níhìn-ín, ní ààlà Washington, tó ń kó èèyàn lọ ṣe fàájì ní Chesapeake Beach. Ọkọ̀ irin yẹn ti kógbá sílé tipẹ́, àmọ́ apá ibẹ̀ náà ni àwa ń fa bóòtì lọ.

Ìdílé 5 ni wá. Èsúsú oṣù 14 la dá kí a tó rí owó ra bóòtì ẹsẹ̀ bàtà 17 kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń kó kúrò ládùúgbò. Bóòtì náà ti lé ní ogún ọdún. Ara rẹ̀ ṣì le, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó nígbà ọyẹ́. Ni a bá fi gbogbo ìgbà òtútù tún un ṣe. A ra ẹ́ńjìnnì tuntun. A sọ bátìrì kan di méjì. A kan àpótí olómi ńlá sí ìdí bóòtì, kí ẹja tí a bá pa má bàa kú kí a tó délé. A fi ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó sí i, a sì kùn ún. Nígbà tí a parí, àwọn aládùúgbò ń dúró wò ó lójú títì.

Ohun kan wà tí a ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ ká yin ara wa díẹ̀. Lára bóòtì tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20 nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ẹ máa rí pátákó kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ iye èèyàn tó lè gbà sí, àti ìwọ̀n ẹrù, àti agbára ẹ́ńjìnnì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èèyàn 5 ni tiwa, agbára ẹṣin 90. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì fún wa ní ká gba ti 115, pé kò sí ẹni tó máa kà á. A ní rárá, 90 náà ni a rà. A wá rò pé a ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe. A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́yìn.

Bí a ṣe pète ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí: Àbámẹ́tà kan nínú oṣù kẹrin ọdún tó kọjá. Ìdúpẹ́ la fẹ́ fi ṣe. Àwọn àgbà 5 àti ọmọ 4 ló máa wọ bóòtì, èèyàn 9 nìyẹn o, a sì ti ka pátákó náà. Ẹ má bi wá léèrè. Ẹnì kan láàrín wa ṣáà ní ọmọdé kì í ṣe odidi èèyàn, pé ọmọ méjì ló ń jẹ́ àgbà kan. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti wà nínú kúlà. A ti pe àlejò méjì láti Baltimore.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá kan tí a jọ ń ṣèpàdé yà wá kí wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí omi ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì pẹja títí wọ́n fi dàgbà kí wọ́n tó wá sí Amẹ́ríkà. Wọ́n wo bóòtì náà yíká, wọ́n gbóríyìn fún wa, wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ta ló ti wà nínú rẹ̀ lórí omi láti ìgbà tí ẹ ti tún un ṣe?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bàbá ní, "Èyí tí ẹ rà kọ́ nìyí mọ́ o. Ẹ ti pààrọ̀ ọkàn rẹ̀, ẹ ti gbé ẹrù lé e ní ìdí, ẹ ò sì tíì mọ ìwà rẹ̀. Ẹ wá fẹ́ fi ọmọ dán an wò?"

Ẹ ò rí i bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní Èkó ni wọ́n bí òun sí, pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun nípa omi. Ẹlòmíràn ní ojú ń ti òun láti dá àlejò Baltimore padà. Ìyá àwọn ọmọ méjì nínú àwọn 4 náà ló pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ó rán wa létí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí bóòtì kan dànù ní agbègbè Pátígí, ní ìpínlẹ̀ Kwárà, tó kó àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Ó ní, "Àwọn náà, ayẹyẹ ni wọ́n lọ ṣe. Ẹ lọ dán nǹkan yín wò. Àwa máa jẹ ìrẹsì wa ní etí omi."

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é. Àwọn méjì nínú wa ló wọ bóòtì ní Fishing Creek ní Chesapeake Beach, tàwọn ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Wọ́n kọ́kọ́ wo ìdérí kékeré tí a fi ń dí ihò ìsàlẹ̀ bóòtì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìdérí yẹn ti rí fín. Àpò ni wọ́n ti bá tiwa, kò sí nínú ihò. Wọ́n dí i. Wọ́n fi okùn so bóòtì mọ́ èbúté, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n ń fi imú wá òórùn epo petiróòlù kiri. Kò sí òórùn. Wọ́n tú okùn, wọ́n rọra wà á jáde, wọn ò kúrò níbi tí ojú wa lè rí wọn. Bóòtì ń lọ geere. Àwa tó wà lókè ń pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí wọ́n wá dúró, tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni fẹ́ ju ìwọ̀, tí àwọn méjèèjì jọ lọ dúró ní ìdí bóòtì, ni ẹsẹ̀ wọn tutù. Omi ń wọlé. Kì í ṣe pé ó ń ya wọlé bí odò. Ó kàn ń rọra yọ́ wọlé láti inú ihò méjì tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ihò tí wọ́n dá síbẹ̀ kí omi òjò lè máa gbà jáde. Ihò tí omi ń gbà jáde ti di ihò tí omi ń gbà wọlé.

Kí ló fà á? Ẹ́ńjìnnì tuntun náà fi nǹkan bí 60 pọ́n-ùn wúwo ju ti àtijọ́ lọ, torí àwọn ẹ́ńjìnnì òde òní tí kì í pò ọ́ìlì mọ́ epo sábà máa ń wúwo ju àwọn ti tẹ́lẹ̀. Bátìrì kejì ń bẹ níbẹ̀. Àpótí ẹja wá ni ọ̀gá wọn: gálọ́ọ̀nù omi kan lé ní 8 pọ́n-ùn, àpótí wa sì gba gálọ́ọ̀nù 20. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó ju 160 pọ́n-ùn lọ, odidi àgbàlagbà kan nìyẹn, tó jókòó sí ìdí bóòtì tí kò sọ̀rọ̀, tí a ò sì kà mọ́ èèyàn. Ìdí bóòtì ti rì ju bó ṣe yẹ lọ, a ò mọ̀, torí lórí tírélà kò sí bí a ṣe lè rí i.

Àwọn méjèèjì sáré bọ́ síwájú, ìdí bóòtì gbéra sókè, omi dúró. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n ti dé èbúté. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtà méjì ló tutù.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa fojú inú wò ó, ká ní àwa 9 la wà níbẹ̀, tí ẹnì kan wá pariwo pé òun ti mú ẹja, tí ọmọ 4 sáré lọ sí ìdí bóòtì láti wò ó. Oṣù kẹrin sì ni. Oòrùn máa ń mú lóṣù yẹn, èèyàn á máa bọ́ kóòtù, ṣùgbọ́n omi Chesapeake ṣì tutù débi pé ẹni tó bá já sí i lójijì á mí kanlẹ̀ láìfẹ́, á sì mu omi. Nínú àwa 9, èèyàn 2 ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ìyá yẹn ò tíì jẹ́ ká gbàgbé.

A gbé bátìrì méjèèjì lọ sábẹ́ ìjókòó iwájú. A yọ àpótí olómi náà, kúlà oníyìnyín là ń lò báyìí, ẹja kú o, kò kú o, ọbẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀. A fi ọmọrí tó ń jẹ́ kí omi jáde tí kì í jẹ́ kó wọlé sára ihò méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àgbà mẹ́ta tún lọ dán an wò, ilẹ̀ gbẹ. Ìgbà kẹta la tó mú ọmọ wọ̀ ọ́, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èèyàn 5, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó kù ń dúró de ìpele tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òfin díẹ̀, torí àwọn kan ti bi wá. Ní Maryland, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí Coast Guard fọwọ́ sí nínú bóòtì fàájì tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 21, ní gbogbo ìgbà tí bóòtì bá ń lọ. Kó bá ara ọmọ mu o. Ẹ má ra èyí tó tóbi pé ó máa dàgbà bá a, bí ẹ ti ń ṣe bàtà ilé ìwé. Tí ó bá já sómi, ẹ̀wù á léfòó, ọmọ á yọ́ bọ́ nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tó bá a mu wà lára ẹ̀wù náà, ní pọ́n-ùn. Ẹ̀yin àgbà, òfin ò fi dandan mú yín wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ wọ̀ ọ́. Agbádá àti gèlè, ẹ fi sílé.

Ẹni tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1972 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tó bá fẹ́ wa bóòtì ẹlẹ́ńjìnnì bíi tiwa, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò ojú omi. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n bí ṣáájú ń fi ìyẹn yangàn. Ẹ lọ kọ́ ọ náà, ẹ̀kọ́ kì í pọ̀ jù. Okùn kékeré tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú, ẹ so ó mọ́ ara. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ló ti di òfin ìjọba àpapọ̀ fún bóòtì tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26 tó bá ń sáré.

Owó petiróòlù ńkọ́? Tí àwọn ọ̀rẹ́ bá finú fíndọ̀ dá owó epo jọ, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ pé ẹni tí kò bá san 20 dọ́là kò ní wọ̀ ọ́, ẹ ti di ọlọ́kọ̀ èrò, ìwé àṣẹ Coast Guard ló sì kàn. Ẹ ṣọ́ra.

Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni Coast Guard Auxiliary máa ń yẹ bóòtì wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù aṣọ iṣẹ́ ń ba àwọn kan nínú wa, a mọ ìdí rẹ̀. Àwọn yìí kì í ṣe ọlọ́pàá, wọn kì í kọ ìwé owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wo fèrè, iná, ẹ̀rọ panápaná, wọ́n á sọ ohun tó kù fún yín. Àwọn tó wo tiwa ló sọ fún wa pé ẹ̀rọ panápaná wa ti lé ní ọdún 12, pé kò wúlò mọ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: ibi tí ẹ fẹ́ sọ bóòtì sómi, orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, aago tí ẹ máa dé. Ẹ fún ẹni tó wà nílé, kó mọ ẹni tó máa pè tí ẹ ò bá dé. Fóònù tó wà lápò yín lè ti wà lábẹ́ omi nígbà náà.

Ní ti ẹja: blue catfish ni kí ẹ máa wá. Ẹbí àrọ̀ tiwa ni, wọ́n kó o wá sínú odò Virginia ní nǹkan bí ọdún 1970 sí i, ó sì ti kún odò Potomac àti Patuxent débi pé ìjọba Maryland ò fi òǹkà sí iye tí ẹ lè pa. Ó dùn nínú ọbẹ̀ ata. Àwọn tó tóbi gan-an ló máa ń ní ìdọ̀tí kẹ́míkà lára jù, torí náà ẹ wo ìmọ̀ràn Maryland Department of the Environment lórí odò tí ẹ ti pa á kí ẹ tó fún aboyún àti ọmọdé jẹ. Àwọn kan nínú wa máa ń pẹja ní Piscataway Creek. Ọdún 2021 ni wọ́n ti kìlọ̀ lórí àwọn ẹja kan níbẹ̀.

Ní Àbámẹ́tà tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ la máa gbéra. Àyè èèyàn mẹ́ta ló kù. Ẹni tó bá ń mú ọmọ bọ̀ kó sọ ìwọ̀n ọmọ náà fún wa ṣáájú Ọjọ́rú, kí a lè wá ẹ̀wù tó bá a mu. Tí atẹ́gùn bá le lọ́jọ́ náà, a máa pè yín, a ò ní lọ.