Nípa Síso Àwọn Ilé Ìdarí Ẹ̀rọ Pọ̀



Ọ̀rọ̀ wa lónìí jẹ́ ti okùn tí ń gbé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú 6 ṣe àpẹẹrẹ: Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Òtù, Tedé, Ṣakí àti Ìgbòho. Bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ní ẹ̀rọ omi àti ilé tí ń darí rẹ̀, báwo ni a ó ti so wọ́n pọ̀?

Bí a bá fa okùn láti Ìsẹ́yìn lọ sí ìlú ìyókù, okùn 5 tó. Ṣùgbọ́n bí Ìsẹ́yìn bá dákẹ́, gbogbo wọn yadi. Bí a bá so olúkúlùkù mọ́ gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò di 15, owó wa kì yóò sì ká a. Ṣùgbọ́n bí a bá so wọ́n yípo bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, 6 péré ni. Bí ọ̀kan bá já, ọ̀rọ̀ yóò gba apá kejì dé ibi tí ó ń lọ.

Síbẹ̀, ọ̀nà méjì nìkan kò tó. Ẹ wo waya iná ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2024, àwọn oníṣẹ́ ibi ba waya ńlá tí ó ti Shiroro lọ sí Kàdúná jẹ́, àìsí ààbò kò sì jẹ́ kí a tètè tún un ṣe. Ní oṣù Kẹwàá, waya ìhà Enugu sí Makurdi dáṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Ilé ìdarí àgbà wà ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n àṣẹ kò lè gbé iná gba ojú waya tí ó ti já.

Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ èyí: bí òwú kan bá já lórí òfì, aṣọ kò tí ì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ahunṣọ a dúró, a sì so ó. Ọ̀nà kejì kì í ṣe ìrọ̀gbọ̀kú. Àyè ni ó fún wa láti tún ti ìṣáájú ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbé àwòrán iṣẹ́ wá síwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta. Ǹjẹ́ okùn méjèèjì kò jọ gun òpó kan náà, tí igi kan yóò fi já wọn pọ̀? Ta ni yóò tún èyí tí ó bá já ṣe, láàárín ọjọ́ mélòó? Bí gbogbo rẹ̀ bá sì já, ǹjẹ́ ẹ̀rọ ìlú kọ̀ọ̀kan lè dá omi dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí àgbá bá kún?

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n àti ìṣọ́ra. Àmín.